Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi Nínú Fóònù Aráyé

Èmi kò mọ̀wé. Ohun tó bá wà nínú fóònù, etí ni mo fi ń kà á. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, òun náà ló máa ń ka ti inú fóònù fún mi, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ má bá ẹnu mi wí, ẹ bá ọwọ́ rẹ̀ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Irú ni mo ń ṣe. Ìkìrun ni ilé ọkọ mi, ibẹ̀ ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Inísà ni wọ́n bí mi sí, Inísà náà ni mo ti ń ṣe irú títí di òní, ní ẹ̀yìn agboolé bàbá mi, níbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá bàbá mi ṣe é níbẹ̀. Ìyá mi náà ṣe é níbẹ̀ nígbà tó délé ọkọ. Bí ọjọ́ irú bá tó, màá wọ ọkọ̀ ní Ìkìrun láàárọ̀, kí oòrùn tó mú mo ti wà nídìí iná. Òkukù ni a ti ń tà á bí ọjọ́ ọjà bá pé.

Mo bí ọmọbìnrin, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́ ọ nínú wọn. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Òótọ́ ni, kì í kúrò. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọkọ mi ní òórùn yẹn lòun fi ń mọ̀ pé mò ń bọ̀ lọ́nà kí ojú òun tó rí mi, ó sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí, lọ́fíńdà ni wọ́n ń wá.

Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́ ọ. Ìyàwó mi ni mò ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. Ọmọ ìlú Ìbà ni. Ó kàwé jáde ní yunifásítì. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn tó máa ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan ló ń lọ, èmi sì jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n a kò bá ara wa jà lórí ìyẹn rí. Bó bá di Iléyá, òun ló ń gé àlùbọ́sà. Bó bá di Kérésì, èmi ni mò ń jẹ ìrẹsì jù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ń wálé bó bá ráyè. Òun alára wáṣẹ́ tíṣà títí, kò rí. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí ìkòkò ní Inísà, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣe é."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo ní, "Ìwọ tó kàwé?"

Ó ní, "Mà, ìwé ò ní kí n má jẹun." Ó ká yẹ̀rì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú ṣe ń di irú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wóró irúgbá le bí òkúta. A ó sè é láti àárọ̀ di alẹ́, a ó tún tanná sí i lọ́jọ́ kejì, kó tó rọ̀. Bó bá rọ̀ tán, èèpo dúdú ara rẹ̀ kò ní í ṣí àfi bí èèyàn bá bọ́ sínú rẹ̀. A ó dà á sínú ọpọ́n ńlá, a ó bu eérú díẹ̀ sí i kó má baà máa yọ̀, a ó fọ ẹsẹ̀ wa, a ó bọ́ sí i. Àwa méjì ni a jọ ń tẹ̀ ẹ́, a ó di èjìká ara wa mú kí a má baà ṣubú, a ó sì máa kọrin kó má baà sú wa. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń sọ fún èèyàn pé èèpo ti ń ṣí. Ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n, ojú kò rí i. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀, a ó gbé e lọ sódò, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un fọ̀, títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́ bí èyí tí èèyàn lè mu. A ó tún sè é. A ó wá dì í, a ó fi àpò bò ó kó móoru, a ó fi í sílẹ̀ kó sùn fún bí ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Bó bá jí, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Kò sí àgbà kan ní gbogbo agbègbè wa yìí, ìbáà ṣe Ìkìrun, ìbáà ṣe Inísà, Òkukù tàbí Ìgbayè, tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ la fi ń tẹ irú.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ń ṣòkú àgbà ní agboolé kejì sí tiwa. Àwọn ọmọ ìlú ti Èkó àti Ìbàdàn wálé. Èmi àti ìyàwó mi wà nínú ọpọ́n, orin wà lẹ́nu wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí wa láti ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá! Háà! Mi ò rí èyí mọ́ látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé!"

Mo ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ agboolé tó ń ṣòkú yìí ni mí, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba fídíò yín."

Mo ní, "Gbà á, ṣùgbọ́n má gba ojú mi o. Eyín iwájú mi ò pé mọ́."

Ni ìyàwó mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí ṣubú. Ó kọjú sí fóònù, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè pẹ̀lú èèpo irú tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ wá jẹun o!" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́, ó gba irú díẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ojúde.

Irú tí à ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì jí tí fídíò náà fi yí ayé ká.

Ọmọ ọmọ mi ló sáré wọlé bá mi ní Ìkìrun. Ó ní, "Màmá, ẹ ti dé inú fóònù o!"

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní, "Ṣé ojú mi hàn?"

"Ojú yín kọ́, Mà. Ẹsẹ̀ yín ni. Ojú àǹtí, ìyàwó yín, ló hàn."

Ó fi hàn mí. Ẹnì kan ti gé ìkíni kúrò. Ó ti gé orin wa kúrò, ó fi orin mìíràn tó ń dún gbì-gbì-gbì sí i. Odò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù, àti eérú, àti ẹ̀rín ìyàwó mi. Wọ́n wá kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé, "Ohun tí ẹ̀ ń jẹ nìyí." Mo ní kó ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nísàlẹ̀ fún mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní kó kà á.

Ó ń kà á, ó ń wo ojú mi. Ọ̀kan ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò fẹnu kan irú mọ́ láyé mi." Ọ̀kan ní, "Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ìkà èèyàn." Ọ̀kan ní, "Eérú kọ́ nìyẹn, kẹ́míkà ni, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ nípa ẹ̀." Òmíràn ní irú Inísà ni, òun ti mọ àwọn ará Inísà tipẹ́. Òmíràn ní irọ́ ni, ará Ìkìrun ni wọ́n, òun mọ àwọn ará Ìkìrun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣáà wà tó ní, "Ṣé wọ́n tilẹ̀ gé èékánná wọn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa kẹ́míkà yẹn, ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà."

"Ibo ló ń gbé?"

"Kò sọ, Mà."

"Ṣé ó ti dé ẹ̀yìn agboolé wa rí?"

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn tó ń kọ ọ́ pọ̀. Ẹ ò lè bi gbogbo wọn."

Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Bí ọjọ́ ọjà ṣe pé, a gbé irú lọ sí Òkukù bí a ti máa ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inísà la jọ dàgbà, Òkukù ló wá lọ́kọ sí. Bí mo ṣe ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ata rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Dákun, sún irú ẹlẹ́sẹ̀ yẹn síwájú díẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń wò ó."

"Irú kí ni?"

"Mo ní kí o sún un."

"Ìwọ! Ìwọ tí a jọ ń tẹ̀ ẹ́! Ìwọ tí o ṣubú sínú ọpọ́n tí ìyá mi fi orógùn lé ẹ yí agboolé ká!"

Ó mirí. "Ìgbà yẹn nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"O ò mọ̀? Ẹsẹ̀ ta ló wà ní ìdí ẹ nígbà náà? Ẹsẹ̀ ewúrẹ́?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní, "Ọmọ mi ló fi hàn mí. Nígbà tí mo rí i nínú fóònù, ó rí mi lára."

A gbé irú náà padà sílé bó ṣe wà. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń ro ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́. Ẹsẹ̀ wa ni. Eérú wa ni. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi mọ̀ láti kékeré, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, fóònù fi hàn án, ó sì wò ó bí àlejò. Bí ẹ bá gé òtítọ́ sí méjì, tí ẹ sọ ìdajì nù, kí lẹ fẹ́ kí ìdajì tó kù máa sọ?

Kò pẹ́ ni ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ẹnì kan tó bá ìyàwó mi kàwé rí ojú rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Háà, yunifásítì la jọ lọ!" Kíá, fídíò kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fi òmíràn sí i: "Ẹ wo ohun tí ìjọba sọ ọmọ tó kàwé dà." Àwọn tó ń pè é ní ìkà lánàá wá ń sunkún nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni. Ni àwọn tó fẹ́ràn ìjọba náà bá dìde. Tiwọn ni pé, "Ẹ wo ọmọ tó mọṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ bí i tiyín." Abẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni wọ́n ti ń bú bàbá ara wọn. Ọkùnrin kan dá mi dúró ní ibùdókọ̀ ní Ìkìrun, ó ní, "Màmá irú, ẹgbẹ́ wo lẹ wà gan-an?" Mo ní, "Ẹgbẹ́ onírú." Ó ní òun ò ṣeré. Mo ní èmi náà ò ṣeré.

Mo ti ń gbọ́ ìròyìn kí fóònù tó dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Òkukù, èèyàn ló ń fi ẹsẹ̀ gbé e wá sí Inísà. A mọ ilé ẹni tó gbé e wá, a mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń fi iyọ̀ sí i, a ó yọ iyọ̀ kúrò kí a tó gbé e mì. A ó bi í pé, "Ojú rẹ ló ṣe, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Bó bá ní wọ́n sọ fún òun ni, a ó ní, "Ta ló sọ ọ́?" Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé Ìgbayè, ó ti rẹ̀ ẹ́, yóò fìdí lélẹ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ pé kò sí irọ́ nígbà náà o. Irọ́ pọ̀ bí eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á, a mọ̀ ọ́n, a lè lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí a pariwo. Ti fóònù yìí, ẹnu ọ̀nà ta lo fẹ́ lọ dúró sí?

Ohun kan wà tí mo rí lára ọmọ ọmọ mi yìí. Bí fídíò tuntun bá wọlé, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Ó máa ń kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, kó ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ, kó tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kí òun rín. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Mi ò fi bú u. Fóònù yẹn náà ni mo fi ń rí ojú ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn, tí mo fi ń bá a wí pé ó ti rù. Mi ò lè bá fóònù ṣọ̀tá.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyàwó mi ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ, ó ń kí mi láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá kí i ní Ìkìrun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi wá, mo gbà. Wọ́n gbé ìrẹsì wá àti òróró, wọ́n yí i ká, wọ́n gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run yọ ọ́ nínú ìṣẹ́, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ìyàwó mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó ti àpò ìrẹsì náà, kò tú u. Ó ní, "Mà, mo fẹ́ lọ kí ìyá mi ní Ìbà."

Mo ní kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù tó dì ju ti ẹni tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe ọjà. Mo ti rí kí ọjà dùn, mo ti rí kó kan, yóò tún dùn. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé bí ìyàwó mi bá fi ọpọ́n yẹn sílẹ̀, kò sí ẹlòmíràn. Eékún mi ti ń dún bí mo bá dìde. Iná tí ìyá bàbá mi dá sílẹ̀ lẹ́yìn agboolé wa, ọwọ́ mi ni yóò kú sí. Mo ń dúró kó padà, kò padà. Ọkọ rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn, ìyàwó mi ní òun ń bọ̀, kò wá. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbà.

Ìyá rẹ̀ ni mo bá níwájú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó dìde pàdé mi.

"Àna mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò sì ránṣẹ́ pé ẹ̀ ń bọ̀."

"Ẹ kúulé o, àna mi. Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́."

Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Ó ní, "Mo rò pé ìjà lẹ bá wá. Ẹ má bínú, ọmọ náà ò tíì fẹ́ lọ ni."

Mo ní, "Ìjà kí ni? Òun ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ìyàwó mi jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ àgbà, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn bi í pé, "Ṣé ìtìjú iṣẹ́ yìí ló ń ṣe ọ́?"

"Rárá, Mà."

"Àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé ńkọ́?"

"Rárá, Mà. Wọ́n ti ń bi mí bóyá mo lè kó irú ránṣẹ́ sáwọn."

"Kí wá ni?"

Ó ń fi ìka to ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ jọ. Ó ní, "Mà, inú mi ń dùn lọ́jọ́ yẹn ni. Mo rẹ́rìn-ín nítorí inú mi dùn. Àwọn kan ní ẹ̀rín ìkà ni. Àwọn kan ní ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni. Àwọn kan ní mò ń fi yin ìjọba. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bi mí. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ohun tí wọ́n máa sọ ni mo máa kọ́kọ́ rò. Títí kan ìgbà tí mo bá wà nínú yàrá."

Mo ní, "Kí tilẹ̀ ni ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?"

Ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ ní kó má gba ojú yín, pé eyín yín ò pé."

Mo la ẹnu. Mo fi ibi tí eyín ti yọ han ìyá rẹ̀, mo ní, "Àna mi, ẹ wò ó, ṣé irọ́ ni?" Ìyá rẹ̀ ju ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ nu ojú. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé mi lórí eékún. Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un nígbà náà. Mo ní, "Mi ò wá bẹ̀ ọ́ nítorí aráyé. Ìdí tí mo fi wá ni pé mi ò lè tẹ̀ ẹ́ lémi nìkan. Bí mi ò bá rí èjìká dì mú, màá ṣubú."

Ó ní, "Màá wá, Mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní bọ́ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán mọ́. Màá ra bàtà òjò."

Mo ní, "Rà á. Bó bá wù ọ́, ra agboòrùn sí i."

Ó ra bàtà òjò funfun tó gùn dé eékún. Ẹ̀ bá ti wà níbẹ̀. Ó bọ́ sínú ọpọ́n bí ẹni ń wọ odò tí kò mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, bàtà á yọ̀, èmi á yọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé etí odò, èèpo kò ṣí dáadáa, a wá ń fi ọwọ́ bó o ní wóró kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń ṣa ìrẹsì. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan, mi ò sì sọ ọ́. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mi ò sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó mú nǹkan mìíràn wá tí mo fẹ́ràn. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tuntun, ó ní ti fífọ ẹsẹ̀ nìkan ni. Ó ní, "Mà, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ wá." Ó gé èékánná mi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gìgísẹ̀ mi títí ó fi ń dán. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹsẹ̀ mi báyẹn. Mo ronú kan ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ èékánná nínú fóònù. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ìyẹn nìkan ló bi wá ní ìbéèrè.

Ọjà náà ṣáà padà. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, kò sì sẹ́ni tó ní òun ti yí ọkàn padà. Fóònù ti rí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ olórin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kàn, gbogbo wọn ti kó lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan ní Òkukù, ọ̀rẹ́ mi aláta na abọ́ kékeré sí mi láìwojú mi.

"Bu irú díẹ̀ fún mi. Ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́."

Mo ní, "Èwo lo fẹ́? Ti ẹsẹ̀ àbí ti bàtà?"

"Èyí tí ìyá rẹ máa ń ṣe ni mo fẹ́." Ó wá wojú mi. "Má sì jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ o."

Mo bu ú kún fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun yẹn tún wálé. Ẹ̀yìn agboolé ló gbà wọlé bá wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èèpo irú. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun nìkan lòun fi ránṣẹ́ sí, òun kọ ọ́ sí i pé inú òun dùn láti wálé, òun ò mọ ẹni tó gé e. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kó dìde, aṣọ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ó yíjú sí ìyàwó mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gba òmíràn, èyí tó dára, kí n fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Kíákíá ni."

Ìyàwó mi wà létí ọpọ́n, ó fẹ́ wọ bàtà òjò rẹ̀. Ó ní, "Kíákíá? Irú yìí ti wà lórí iná látàná. Tá a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a máa fọ̀ ọ́. Tá a bá fọ̀ ọ́ tán, a máa tún un sè, a máa dì í, ó máa sùn. Jókòó. Gbà á títí ó fi máa jí."

Ó wo ojú ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ó ní, "Àǹtí, wọn kì í wo fídíò tó bá gùn."

Ìyàwó mi ní, "Tí wọn ò bá lè wò ó, kí wọ́n kúkú máa jẹ ẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ìyàwó mi wo bàtà òjò ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e jù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bọ́ sínú ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di èjìká mi mú. Èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mo gbé orin.